Ìkòkò Tí Láńre Gbé Kúrò Ní Ẹ̀pẹ́

Ọmọ náà kì í tú báàgì rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ gún Láńre Ọláògún lọ́kàn nìyẹn. Adájọ́ ti pàṣẹ pé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ni Mutmainah, ọmọ ọdún méje, yóò máa gbé. Bàbá rẹ̀ yóò máa mú un wá sí Ìkòròdú ní Sátidé kan, yóò fo ọ̀kan, yóò tún mú un wá ní èyí tó tẹ̀ lé e, yóò sì dá a padà kí oòrùn Sọ́ńdè tó wọ̀. Bí ọmọ náà bá ti dé, á gbé báàgì sẹ́bàá ìlẹ̀kùn, á jókòó létí àga bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Tó bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ, á yọ ẹyọ kan jáde, á sì tún fa síìpù pa. Kò kó nǹkan kan sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí Láńre tìtorí rẹ̀ kùn.

“Dádì, aago mélòó la máa lọ lọ́la?”

“Ṣé a ti jókòó tán ni?”

“Mo kàn ń bèèrè ni, sà.”

Sà yẹn ló ń pa á. Ọ̀gá ni Láńre ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe kẹ́ẹ̀gì ní agbègbè ilé-iṣẹ́ Ìkòròdú. Láti àárọ̀ tí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ bá ti dé, sà ló ń gbọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tó fi àyà rẹ̀ gbé sùn.

Òun àti Sìlífátù ìyá ọmọ kò na ara wọn, wọn kò sì bú ara wọn níta gbangba. Ìfẹ́ wọn kàn gbẹ ni. Sìlífátù padà sí ilé àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ó ń yan ẹja pẹ̀lú Kúbúrá, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Adájọ́ ní tí òjò bá ti dá, kí wọ́n padà wá, òun yóò bi ọmọ náà fúnra rẹ̀ léèrè ibi tó wù ú láti gbé. Láńre mọ ohun tí ọmọ yóò sọ. Ohun tó gbé e dé Ipakodo nìyẹn.

*

Ipakodo ti yí padà. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi, tó ṣì ń rántí ọkọ̀ onípákó tí wọ́n ń fi ọ̀pá tì, kò ní mọ èbúté náà mọ́. Ṣùgbọ́n òórùn ẹrẹ̀ ọ̀sà tó dà pọ̀ mọ́ ti epo bẹntiróòlù, ìyẹn kò kúrò níbẹ̀. Lábẹ́ àtíbàbà páànù kan létí omi ni Festus ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ kejì, àwọn tó nílò rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

“Ọ̀gá, ẹ kúrò lórí epo yẹn, bàtà yín ti dára jù.”

“Wọ́n ní o lè ràn mí lọ́wọ́.”

“Ẹ́ńjìnnì wo ló kọṣẹ́?”

“Ọmọ mi ni.”

Festus gbé sípánà kalẹ̀, ó fi àkísà nu ọwọ́. “Ẹ̀n-ẹ́n. Ìyẹn náà ní sípánà tiẹ̀.”

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láì wo ojú Láńre. Nígbà tó yá, ó bèèrè ohun kan ṣoṣo. “Níbo ni wọ́n bo ibi ọmọ náà mọ́lẹ̀ sí?”

“Ilé ìyá rẹ̀ ni. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí.”

“Kí lẹ wá ń bá adájọ́ ṣe wàhálà sí? Ilẹ̀ ti dá ẹjọ́ yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ẹ lọ gbé e wá. Ọwọ́ ara yín ni kẹ́ ẹ fi gbé e, kẹ́ ẹ rì í sí ẹnu ọ̀nà yín, kẹ́ ẹ da omi tí mo máa fún yín lé e lórí. Ẹni tó ni ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní mọ ibòmíràn mọ́.”

“Kò ní ṣe é ní jàǹbá?”

“Ilé lẹ ń pè é wá. Ilé ń ṣe èèyàn ní jàǹbá ni?”

Kò rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́. Ajá kan tó sùn sábẹ́ ọkọ̀ tó fọ́ dìde, ó wo Láńre lójú, ó sì rìn kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìrù rẹ̀ láàárín itan.

*

Láńre wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bo ibi ọmọ náà. Kúbúrá ló pè é pé kó wá bá òun tan tọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ilé ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé wọn, ojú ọkùnrin kò gbọdọ̀ kan nǹkan náà. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó na tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn láti orí èjìká, ó ń gbọ́ dídún ọkọ́ nínú iyanrìn. Nígbà tí wọ́n ní kó yíjú padà, ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n sì ti fi ìkarahun ìsáwùrú yí ibẹ̀ ká. Ìkarahun yẹn ló fi mọ ojú ibẹ̀.

Ní Sátidé rẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó bá ọmọ nìkan nílé. Sìlífátù àti Kúbúrá ti lọ pàdé ọkọ̀ ẹja létí ọ̀sà. Ó ní kí Mutmainah lọ wẹ̀, kó sì wọ aṣọ tó mọ́. Ó gbọ́ tí omi ń dà nínú ilé ìwẹ̀. Lẹ́yìn ògiri kan náà, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọkọ́ Kúbúrá gbẹ́ ilẹ̀ àna rẹ̀ bí òkété.

Ìkòkò kékeré ló rí. Ó dúdú, àpáàdì ni wọ́n fi dé e, wọ́n sì fi amọ̀ lẹ ẹnu rẹ̀. Ó dà bíi pé ó ti pẹ́ ju ọdún méje lọ nínú ilẹ̀. Bí èrò yẹn ṣe ń wọlé ló tì í jáde, nítorí omi ilé ìwẹ̀ ti dákẹ́. Ó kó iyanrìn padà sínú ihò, ó to ìkarahun sí i bó ṣe wà. Kò gbé àpò wá. Inú báàgì ọmọ ló ti ìkòkò náà sí, lábẹ́ aṣọ ìsùn rẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gba Ìtòìkín lọ sí Ìkòròdú, orí ẹsẹ̀ Mutmainah ni báàgì náà wà. Ọwọ́ méjèèjì ló fi dì í mú. Kò bèèrè ohunkóhun. Nígbà tí Láńre ní kó gbé e wá, ó ní, “Ẹ fi sílẹ̀, sà. Mo lè gbé e.”

*

Ó yọ ẹyọ kan nínú íńtálọ́ọ̀kì, òkúta tí wọ́n fi tẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó ri ìkòkò náà síbẹ̀, ó da omi Festus lé e lórí, ó sì dá íńtálọ́ọ̀kì náà padà. Lọ́jọ́ kejì, ó dá ọmọ padà sí Ẹ̀pẹ́, ó sì ń retí.

Òórùn ló kọ́kọ́ dé. Òórùn ẹja yíyan bẹ̀rẹ̀ sí í rùn nínú pálọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń yan ẹja ní gbogbo ẹ̀sìtéètì náà. Ó ṣí fèrèsé, òórùn náà tún pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ní ìrọ̀lẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, mégádì wá kan ilẹ̀kùn.

“Ọ̀gá, mádáàmù kan wà níta. Mo kí i, kò dá mi lóhùn.”

Sìlífátù ni. Kò wọ bàtà. Èéfín ààrò ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di dúdú, ìborùn rẹ̀ sì wà ní ọrùn dípò orí. Láti ọjọ́ tí Láńre ti mọ̀ ọ́n, kò rí i níta láìborí rí, kódà lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ.

“Kí lo wá ṣe?” Láńre bi í. Ó rò pé ìjà ló bá wá.

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. “Bàbá Mutmainah,” ló ní, “ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo wá ṣe níbí? Mo ń yí ẹja lórí ààrò ni. Ó kàn ṣe mí bíi kí n dìde.”

Láńre wá ọkọ̀ fún un. Kò tó ọjọ́ mélòó kan, Sìlífátù tún dé. Ó tún dé lẹ́yìn ìyẹn. Kò jà, kò sunkún. Á kàn jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, lórí íńtálọ́ọ̀kì kan ṣoṣo yẹn nínú gbogbo èyí tó wà nílẹ̀, bí ẹni pé wọ́n tẹ́ ẹní fún un níbẹ̀. Á fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ náà, á máa pa á bí ìgbà tí èèyàn ń rẹ ọmọ.

Ìyá kan tó ń gbé lódìkejì dá Láńre dúró. “Ẹ̀yin náà ẹ gba ìyàwó yín wọlé. Obìnrin ò ní bẹ̀bẹ̀ ju báyìí lọ.”

“Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀, Màmá.”

“Kí ló wá ń ṣe?”

Láńre ti mọ ohun tí obìnrin náà ń ṣe. Ẹ̀rù bà á láti sọ ọ́ sínú ara rẹ̀.

*

“Ibi ta lẹ gbé?” ni Festus bi í nígbà tó gbọ́ tán.

“Ti ọmọ mi ni mo ṣáà rò pé mo gbé.”

Festus rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ti ìyá lẹ gbé. Ẹ lọ dá a padà o.” Ó tún mú sípánà, ó tún gbé e kalẹ̀. “Àbí kẹ́ ẹ ṣì fi sílẹ̀. Kóòtù yín kù sí dẹ̀dẹ̀, àbí? Ìyá tó ń fi ọmọ àti iná sílẹ̀ kiri títì láìwọ bàtà, adájọ́ wo ló máa ní kí ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀? Ẹ ò rí ohun tẹ́ ẹ wá, ṣùgbọ́n ẹ ti rí nǹkan.”

“Ìwà ìkà nìyẹn.”

“Èmi kọ́ ni mo gbẹ́ ilẹ̀, ọ̀gá.”

Láńre padà sílé pẹ̀lú ìpinnu láti hú u. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wo íńtálọ́ọ̀kì náà, ó sì wọlé lọ. Ní ọjọ́ tí Sìlífátù tún wá, Láńre yọ fóònù, ó ń ká fídíò rẹ̀. Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bó. Ó ká irun rẹ̀ tó ta síta. Sìlífátù gbójú sókè, ó rí fóònù, ó rò pé ọkọ̀ ló tún ń pè fún òun. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

“Ẹ ṣeun,” ló ní. “Mo ń dà yín láàmú.”

*

Ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ti rí i pé ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ ti rì. Nígbà tí Láńre lọ mú ọmọ ní Sátidé, Kúbúrá nìkan ló bá nínú ọgbà, lórí àpótí, tó ń ṣa ẹja tó jóná sọ́tọ̀. Ẹja tó jóná ti pọ̀ ju èyí tó dára lọ.

“Bàbá Mutmainah, ẹ káàbọ̀. Oòrùn mú. Ẹ mumi.”

Inú ife amọ̀ ni omi náà wà. Láńre wò ó. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé, kò lè kọ omi lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bí ìyá ìyàwó rẹ̀ lé. Ó mu ún. Ó tutù, kò ní adùn, kò ní òórùn.

“Ẹnì kan wọlé wa,” ni Kúbúrá sọ, ó ṣì ń ṣa ẹja. “Ó mú nǹkan tí kò yé e. Èmi ò bú u, n kò sì ṣépè fún un. Mo kàn gba ohun tó tìtorí rẹ̀ wá ni.” Ó gbójú sókè. “Ẹ pe ọmọ yín, ó wà nínú iyàrá.”

Láńre la ẹnu. Afẹ́fẹ́ ló jáde. Ó tún la ẹnu. Orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ ọmọ náà ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, tó fi ń jí, tó fi ń sùn, ibi tó wà ní orí rẹ̀ ti di ihò. Ó mọ ojú ọmọ. Ó mọ ọjọ́ tí eyín rẹ̀ àkọ́kọ́ yọ. Orúkọ kò sí níbẹ̀.

“Ìwọ,” ló ké. “Ọmọ! Máa bọ̀.”

Kúbúrá ju ẹja jíjóná kan sínú garawa.

Ní òru ọjọ́ náà, Láńre wá orúkọ náà nínú fóònù. Ó rí i pé nǹkan wà lójú fóònù níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí eèrà tó ń rìn ló rí lójú rẹ̀, kò lè kà á.

*

Kóòtù kún díẹ̀. Sìlífátù ti gbẹ, ó ti fi àtíkè bo abẹ́ ojú. Kúbúrá jókòó tì í, ó so ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ ti Sìlífátù pẹ̀lú ìborùn kan, bí ẹni tó di ewúrẹ́ mú. Fídíò wà nínú àpò Láńre.

Adájọ́, obìnrin àgbà kan, yọ gíláàsì rẹ̀. “Ọ̀gbẹ́ni Ọláògún, ẹ̀yin lẹ ní kí ọmọ wá máa gbé lọ́dọ̀ yín. Ẹ sọ orúkọ ọmọ tẹ́ ẹ ń bèèrè fún, ká kọ ọ́ sílẹ̀.”

Láńre dìde.

“Orúkọ ọmọ,” ni adájọ́ tún wí.

Lọ́yà rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Láńre wo Sìlífátù, ó rò pé yóò rí ayọ̀ lójú rẹ̀. Àánú ló rí, ìyẹn ló fọ́ ọ. Bàbá tó ń jà fún ọmọ tí kò mọ orúkọ rẹ̀, bí gbogbo ilé ẹjọ́ ṣe ń rí i nìyẹn.

Mutmainah dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó rìn kọjá àárín kóòtù, ó sì dúró ti bàbá rẹ̀.

“Mutmainah ni, mà,” ló ní. “Ọ̀fun ló ń dùn wọ́n.”

Adájọ́ mú ọmọ náà wọ yàrá inú lọ. Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n jáde, adájọ́ ní kí àṣẹ náà wà bó ṣe wà. Kí ọmọ máa gbé ní Ẹ̀pẹ́. Kí bàbá máa ní Sátidé tirẹ̀. Láńre kò mú fóònù jáde.

Ní ìta, lẹ́bàá ògiri, ọmọ náà fa ọwọ́ bàbá rẹ̀ kó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Dádì, ẹ lọ gbé e wá. Mọ́mì kì í sùn mọ́.”

“Gbé kí ni?”

“Èyí tẹ́ ẹ fi sínú báàgì mi. Mo rí yín láti ojú fèrèsé ilé ìwẹ̀.”

“Ta lo sọ fún?”

“Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé wọ́n máa mú yín.”

*

Lójúmọmọ ló hú ìkòkò náà. Lójúmọmọ ló gbé e wọ bọ́ọ̀sì, lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó wọ inú ọgbà náà ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí iná wà nínú gbogbo ààrò, tí àwọn obìnrin ilé wà ní ìdí ẹja wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò níwájú rẹ̀.

Kò sí ẹni tó ní kó dìde.

Kúbúrá ló sọ̀rọ̀. “Ẹ̀gbẹ́ ibi ìyá la máa ń bo ti ọmọbìnrin sí nílé yìí. Ọdún tí ọ̀sà kún wọlé, mo hú ti Mutmainah, mo gbé e sábẹ́ ibùsùn mi kí omi má gbé e lọ. Ti ìyá rẹ̀ ló kù síbẹ̀. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí wa nígbà yẹn, ẹ ò lè mọ̀.”

Obìnrin kan láti ìdí ààrò kejì ní, “Ọkọ wa, tó bá jẹ́ pé ìyàwó yín lẹ tún fẹ́, ṣebí ẹnu lẹ bá fi sọ ọ́.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí dé ọ̀dọ́bìnrin tó ń fẹ́ iná. Ẹ̀rín náà kò lágbára, kò sì pẹ́, ṣùgbọ́n Láńre gbọ́ ọ títí ó fi dé ilé.

Sìlífátù kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró lókèèrè, ó ń wo ìkòkò bí ẹni tó ń wo ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kúbúrá gbé e, ó ní, “Ẹ pe ọmọ yín.” Orúkọ náà jáde. Ọmọ náà dáhùn, “Sà.”

Nínú bọ́ọ̀sì, Láńre pa fídíò náà rẹ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó wà rí.

*

Sátidé rẹ̀ dé. Ó wẹ̀, ó wọṣọ, ó jókòó sórí àga títí òjìji yípo. Kò lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e náà dé, ó tún jókòó. Ọ̀sán kò tíì pọ́n nígbà tí mégádì wá sọ pé àlejò wà.

Sìlífátù ló dúró níta, ìborùn rẹ̀ wà lórí dáadáa, ó di Mutmainah lọ́wọ́ mú.

“Ẹ ò wá,” ló ní.

“Ojú ń tì mí.”

“Ó yẹ kó tì yín. Ṣùgbọ́n adájọ́ ò fi ìtìjú sínú àṣẹ rẹ̀. Ọjọ́ yín ni. Ọmọ ń bèèrè yín.”

“Ṣé ara rẹ ti balẹ̀?”

“Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀. Mo mọ ibi tí mo ń lọ, mo mọ ìdí tí mo fi ń lọ.”

Ó ti ọmọ síwájú díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó yíjú láti lọ, ó sì dúró. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ẹni tó ń bèèrè omi nílé onílé.

“Bàbá Mutmainah. Ẹ bá mi wò ó, bóyá nǹkan kan ṣì kù sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà mìíràn, tí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń kọjú síbí.”

Láńre kúnlẹ̀, ó yọ íńtálọ́ọ̀kì náà, ó ń fi ọwọ́ lásán gbẹ́ ẹ, tòun ti ṣòkòtò tó lọ̀. Ìyá òdìkejì jáde síta, mégádì náà súnmọ́ tòsí. Ìyá ọmọ dúró, ọmọ dúró. Ó gbẹ́ kọjá ibi tó ti rì í, iyanrìn lásán ló ń jáde, lẹ́yìn náà amọ̀, lẹ́yìn náà omi. Kò rí nǹkan kan. Sìlífátù kò ní kó dá a dúró. Láńre ń gbẹ́ ẹ lọ.